Ta Ló Yan Gààrí Inú Ọ̀rá Yìí?

Ọjà olórúkọ ilé-ìtajà ni ọjà tí súpámákẹ́ẹ̀tì fi orúkọ ara rẹ̀ sí lára, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti jáde. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, gààrí, èlùbọ́, epo pupa, oyin àti ẹ̀pà ni irú òwò bẹ́ẹ̀ bá mu jù. Àwọn obìnrin ìlú Òmù-Àrán ló bó ẹ̀gẹ́, àwọn ló gbé e lọ sí ẹ̀rọ, àwọn ló fi jáákì fún omi ara rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì jókòó ti agbada nínú èéfín. Orúkọ tí oníbàárà yóò bá lórí pẹpẹ ní Ìlọrin tàbí ní Èkó, orúkọ ẹni tó ni pẹpẹ ni. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí. Òwò ni, ó sì ti pẹ́ káàkiri ayé. Àmọ́ òun ló fa púpọ̀ nínú ìwé, nọ́ńbà àti ìlànà tó yí gààrí kílò kan péré ká.

Ní ọjọ́ ọjà ní Òmù-Àrán, gààrí kò nílò kí a kọ nǹkan kan sí i lára. Ẹni tó fẹ́ rà á á ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, á bu díẹ̀ jù sẹ́nu, á gbọ́ bí ó ṣe ń dún láàárín eyín, á mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan. Ó mọ ìyá tó ń tà á, ó mọ agboolé rẹ̀. Bí yanrìn bá ha á léyín nílé, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni wọ́n á jọ yanjú rẹ̀. Ti súpámákẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Wọ́n ti lẹ ẹnu ọ̀rá pa, kò ṣeé tọ́ wò, ọmọdébìnrin tó jókòó nídìí ẹ̀rọ owó kò sì mọ ibi tí gààrí ti wá. Gbogbo ohun tí ìyá ọlọ́jà ì bá fi ẹnu sọ, ara ọ̀rá ni yóò ti sọ ọ́. Èyí tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni kí a wá lọ? Òfin lébẹ́ẹ̀lì, bó ti gùn tó yẹn, orí ìbéèrè yìí ló dúró lé.

Ọ̀rá ló ṣáájú lébẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá sáré lọ bá atẹ̀wé kí ó tó mọ irú ọ̀rá tí ọjà rẹ̀ ń fẹ́ yóò padà wá tún un san. Ìlànà Codex, tí àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé jọ gbé kalẹ̀, sọ pé omi inú gààrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Gààrí lè gbẹ tó bẹ́ẹ̀ nínú agbada, kí ó tún wá tutù nínú ọ̀rá. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le láti rí. Gààrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná gbẹ lójú, ṣùgbọ́n ooru ṣì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dà á sínú ọ̀rá kí ooru rẹ̀ tó rọlẹ̀, tí wọ́n sì fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kò ní pẹ́ tí ìrì yóò fi sẹ̀ sára ọ̀rá lápá inú. Ìrì yẹn á kán padà sínú gààrí. Ibi tó kán sí á dì bí kóró àgbàdo, á bu, á máa rùn. Àwọn tó kù yí i ká á ṣì dára. Oníbàárà tó bá já a kò ní ro ti ìrì, yóò ní gààrí àtijọ́ ni wọ́n tà fún òun. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń tẹ́ gààrí sórí ike mímọ́ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó dì í, kódà bí ọkọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì bá ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Èlùbọ́ ní wàhálà tirẹ̀, kòkòrò. Kòkòrò èlùbọ́ a máa lu ọ̀rá fẹ́lẹ́ já láti inú wá síta, nítorí náà ọ̀rá tó nípọn ni èlùbọ́ ń fẹ́, pẹ̀lú èlùbọ́ tí a ti sẹ́ dáadáa kí ó tó wọ inú rẹ̀. Epo pupa kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Ike tó bá ti gbé ohun mìíràn rí kò yẹ fún un rárá, bó ti wù kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Nọ́ńbà kékeré tó wà nínú àmì onígun mẹ́ta nídìí ike, 1 tàbí 2, irú ike tí ó jẹ́ nìkan ló ń sọ. Kò sọ pé wọ́n ṣe é fún oúnjẹ. Ìwé ẹ̀rí ni a ń gbà fún ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó ta ike. Oyin lè dì lásìkò ọyẹ́, oníbàárà á sì pariwo pé ṣúgà ni wọ́n fi lú u. Ìgò ẹlẹ́nu fẹ̀ àti gbólóhùn kan lára rẹ̀, pé kí wọ́n gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ti tó láti pa ariwo náà. Irú nìkan ni ọ̀ràn rẹ̀ kò tíì yanjú tán: kò sí ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú tó lè dá òórùn rẹ̀ dúró, kò sì sí máníjà súpámákẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ kí bísíkíìtì òun máa rùn bí irú.

Ní ti ohun tí a ń kọ sára ọ̀rá, NAFDAC, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1993, ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú ọ̀rá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà Dora Akunyili, tó di ọ̀gá àjọ náà ní 2001, ni àwọn ará ìlú ti kọ́ láti máa wo ẹ̀yìn ọ̀rá, kí wọ́n sì béèrè pé, “Ṣé ó ní nọ́ńbà NAFDAC?” Nọ́ńbà yẹn ṣe kókó, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni nínú ohun tí òfin ń béèrè. Orúkọ oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí orúkọ àpèlé tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Bí ọ̀rá bá kàn kọ “Adùn Ìgbómìnà,” ará Kano kò ní mọ̀ bóyá èlùbọ́ ló wà nínú rẹ̀ tàbí àádùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ní kí wọ́n fi kọ ọ́. Yorùbá lè bá a rìn, kò lè gba ipò rẹ̀. Ó dùn mọ́ ni bí Yorùbá bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ atẹ̀wé kò ní lẹ́tà alámì, tí “èlùbọ́” fi ń di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà bó ṣe wù ú. Ó yẹ kí ẹni tó ni ọjà jókòó ti kọ̀ǹpútà atẹ̀wé títí wọn yóò fi fi àmì sí i.

Àdírẹ́sì ẹni tó ṣe ọjà tún wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Èyí máa ń mú ọ̀rọ̀ wá nílùú tí ọ̀pọ̀ ilé kò ní nọ́ńbà. “Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, tòsí igi máńgòrò” ti tó fún ẹni tó ń bọ̀ wá kí ni, kò tó fún ọ̀gá olùyẹ̀wò tó ti Ìlọrin wá. Orúkọ òpópónà, orúkọ àdúgbò, ìlú àti ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Kí wọ́n sì kọ ọ́ bákan náà sínú gbogbo ìwé: bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ bá sọ ohun kan, tí lébẹ́ẹ̀lì sọ òmíràn, wọn yóò dá fáìlì náà padà.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti inú ọjà wá máa ń fi orí gbá jù. Kóńgò ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n kóńgò kan gààrí kíkúnná àti kóńgò kan gààrí tó rí wóróbo kì í wọ̀n bákan náà, nítorí náà gíráàmù àti kílò ni òfin mọ̀. Ohun inú ọ̀rá nìkan ni a sì ń wọ̀n, láìka ọ̀rá mọ́ ọn. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá kọ́kọ́ gbé òfìfo ọ̀rá lé sìkélì, kí ó dá sìkélì náà padà sí òdo, ọ̀rá ló ń tà ní owó gààrí. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó ní sìkélì tirẹ̀ nídìí ibi tí ẹrù ń gbà wọlé yóò mú un lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Èròjà inú oúnjẹ ni a ń tò láti orí èyí tó pọ̀ jù dé orí èyí tó kéré jù. Gààrí funfun kò ní ju ẹ̀gẹ́ lọ. Gààrí tí wọ́n fi epo sí gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ epo. Ẹ̀pà yàtọ̀, nítorí ó wà lára àwọn oúnjẹ tó lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á. Bí ẹ̀rọ kan náà tó lọ ẹ̀pà bá tún lọ èlùbọ́, ó yẹ kí ara èlùbọ́ sọ ọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èròjà 14 ni òfin ní kí wọ́n fi hàn gedegbe, ẹ̀pà sì wà lára wọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, òfin kan náà ti mú oúnjẹ tí ilé-ìtajà fúnra rẹ̀ dì sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ẹni tó ń dì kúlíkúlí ránṣẹ́ sí Peckham níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì. Ti Amẹ́ríkà tún fi ohun mìíràn lé e: ìwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ní gíráàmù àti ní áúnsì, pẹ̀lú pátákó aṣaralóore tí wọ́n ti ya bó ṣe gbọ́dọ̀ rí sílẹ̀.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ kọ náà wà. Lébẹ́ẹ̀lì oúnjẹ kò gbọdọ̀ ṣe ìlérí ìwòsàn. Oyin tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àgúnmu ni wọ́n jẹ́ lójú òfin lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kọ bẹ́ẹ̀ sí wọn lára, fáìlì wọn á sì kúrò nídìí oúnjẹ. Àwòrán pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ère olókùúta ìlú Èsìẹ́, tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, tí wọ́n kọ́ ilé ọnà fún ní 1945, ilé ọnà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, máa ń wu àwọn ayàwòrán láti fi sára ọjà Ìgbómìnà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ère lára gààrí ń sọ fún oníbàárà pé agbègbè yẹn ni gààrí ti wá. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kó o láti ibòmíràn nígbà tí ẹ̀gẹ́ wọ́n, àwòrán náà ti di irọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 kò fara mọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ àwòrán. Ó sì yani lẹ́nu pé ère wọ̀nyẹn gan-an, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Gààrí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà ọ̀wọ́ àti ọjọ́ ló ń tọ́ka sí agbada tí ọjà ti jáde. Ọ̀wọ́ ni gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú ẹ̀gẹ́ kan náà. Ní ìparí 2008, nígbà tí májèlé wọ inú oògùn eyín àwọn ọmọdé kan ní Nàìjíríà, tí ọmọ 84 sì kú, nọ́ńbà ọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń wá ìgò tó léwu kiri orílẹ̀-èdè. Ọjà tí kò bá ní nọ́ńbà ọ̀wọ́, gbogbo rẹ̀ pátá ni wọn yóò kó kúrò lórí pẹpẹ bí ẹyọ kan bá bàjẹ́. Ní ti ọjọ́, oríṣi méjì ló wà tí a kò gbọdọ̀ pa pọ̀: ọjọ́ tí adùn oúnjẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, èyí tó bá gààrí mu, àti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ kọjá, èyí tó jẹ́ ti wàrà àti ẹran. Ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì kì í gba ọjà tó ti lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà ẹrù tó sùn ní ilé ìkẹ́rùsí ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ohun kékeré kan tún ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: òǹtẹ̀ rọ́bà. Ẹni tó ń rọ epo pupa sínú ìgò, epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yíǹkì tó tẹ̀ sára ìgò tí epo ti kàn bẹ́ẹ̀ yóò nù bí wọ́n bá ti fi àtàǹpàkò kàn án, ìgò á sì dé pẹpẹ láìní ọjọ́. Inú yàrá mìíràn ni ó yẹ kí wọ́n ti máa tẹ òǹtẹ̀, ẹni tí kò fọwọ́ kan epo ni kí ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ owó kò mọ ìwé kà. Ìlà dúdú ló ń kà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974, ní ìlú Troy ní Ohio, ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka báákóòdù lára ọjà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n sì kà. Ní Nàìjíríà, GS1 Nigeria ló ń fún oníṣòwò ní nọ́ńbà náà, 615 ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé 615 ni ẹ̀rí pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí oní-nọ́ńbà ti gba nọ́ńbà ló ń sọ. Nọ́ńbà 13 ló wà lábẹ́ ìlà, èyí tó kẹ́yìn sì ni olùṣọ́ àwọn yòókù. Ká ní 12 àkọ́kọ́ jẹ́ 615123456789. A ó mú ìkínní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí dé ìkọkànlá: 6, 5, 2, 4, 6 àti 8, wọ́n jẹ́ 31. Àwọn tó kù ni 1, 1, 3, 5, 7 àti 9. Wọ́n jẹ́ 26, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 78. 31 pẹ̀lú 78 jẹ́ 109. Ẹyọ 1 ló kù kí ó pé 110, ẹyọ 1 yẹn ni nọ́ńbà ìkẹtàlá. Bí ọwọ́ atẹ̀wé bá ṣì nọ́ńbà kan tẹ̀, ìṣirò kò ní bọ́ sí i, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá lọ da báákóòdù kọ láti ara bísíkíìtì, ìṣirò rẹ̀ á bọ́ sí i dáadáa, ẹ̀rọ owó á sì máa pe gààrí ní bísíkíìtì lójú gbogbo èrò.

Àwọ̀ ìlà ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Iná pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń ka báákóòdù, ìlà pupa lórí funfun kò sì yàtọ̀ sí funfun lójú iná bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta epo tó sì fẹ́ kí ìlà bá àwọ̀ epo mu yóò rí báákóòdù tó mọ́ lójú ènìyàn, tí ẹ̀rọ kò rí rárá. Dúdú lórí funfun ni kò lẹ́bi. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ jẹ́ mìlímítà 37.29 ní ìbú àti 25.93 ní gíga. A lè dín in kù sí ìdá 80 nínú 100, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì fi àyè funfun sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ọ̀rá ti ń ká kì í ṣe àyè rẹ̀.

Ibi tí ọjà olórúkọ ilé-ìtajà ti wá yapa pátápátá sí ọjà tí ẹni tó ṣe é fi orúkọ ara rẹ̀ tà ni ìwé. Súpámákẹ́ẹ̀tì ló ni orúkọ, nítorí náà òun ló ń forúkọ náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àmì òwò ní Abùjá, òun ló sì ń gba báákóòdù, ọ̀kan fún ààbọ̀ kílò, òmíràn fún kílò kan. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gààrí gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò NAFDAC, kí àdéhùn tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí níwájú agbẹjọ́rò tó ní òǹtẹ̀ sì bá fáìlì lọ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ojú ewé tí wọ́n ń pè ní NAPAMS, ni wọ́n ń gbé e gbà. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún ọjà á sì dúró fún ọdún 5 kí wọ́n tó tún un ṣe. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ ti ní fún gààrí tirẹ̀ kò ṣeé yá súpámákẹ́ẹ̀tì, bí inú agbada kan náà ni wọ́n tilẹ̀ ti yan án. Orúkọ méjì, fáìlì méjì. Lára ọ̀rá, orúkọ méjèèjì ni yóò hàn: ẹni tó ṣe é, àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan lè fẹ́ kí orúkọ tàkọ́kọ́ kéré, kí ó sá pamọ́ sábẹ́ báákóòdù. Kò lè yọ ọ́ kúrò.

Owó ọ̀rá ni ìjà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń tẹ ọ̀rá aláwọ̀ kì í tẹ díẹ̀, nítorí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sílíńdà irin tirẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ àwòrán sí. Àwọ̀ mẹ́rin, sílíńdà mẹ́rin. Ẹni tó ní gààrí díẹ̀ ṣe dáadáa bó bá ra ọ̀rá funfun, kí ó sì lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Àmọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì fẹ́ kí ọjà rẹ̀ dán, ẹni tó ń yan gààrí ni ó sì máa ń san owó sílíńdà ṣáájú. Bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá wá yí àmì rẹ̀ padà lọ́dún kejì, àpò ọ̀rá tó kù ní ìyẹ̀wù ní Òmù-Àrán kò wúlò mọ́, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi di gààrí tà lọ́jà, nítorí orúkọ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ àdéhùn dáadáa, iye ọ̀rá tí súpámákẹ́ẹ̀tì yóò rà padà á wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò kà á á wà níbẹ̀, àti orúkọ ẹni tí yóò dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń gé e sí wẹ́wẹ́.